Wọ́n fẹ́ ṣe áàpù fún ilé búrẹ́dì mi ní Àkúrẹ́, 70% ni wọ́n fẹ́ gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Ìyá Oníbúrẹ́dì Òkè-Àrò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé búrẹ́dì ni mo ní ní Òkè-Àrò níbí. Ọkọ̀ fáànù méjì ló ń gbé búrẹ́dì jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀kan ń lọ sí ọ̀nà Ìdànrè, ìkejì ń gba Ọ̀bà-Ilé lọ sí Ìta-Ògbólú àti Ìjù. Àwọn alágbàtà tó ń gbà lọ́wọ́ wa lé ní ọgbọ̀n. Àwìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà láàárọ̀, wọ́n á san án ní ìrọ̀lẹ́ tàbí lọ́jọ́ kejì, wọ́n á sì dá èyí tí wọn ò bá rí tà padà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Awakọ̀ á ní ogójì ni òun já sílẹ̀, alágbàtà á ní márùndínlógójì ni òun gbà. Nígbà mìíràn, ẹni tó ti sanwó fún awakọ̀, orúkọ rẹ̀ á ṣì wà nínú ìwé gbèsè mi. Àwọn oníbàárà gidi ti tìtorí èyí kúrò lọ́dọ̀ mi, ó sì ń dùn mí.

Ọmọkùnrin kan tó kàwé jáde ní yunifásítì FUTA wá bá mi. Ó ní òun á ṣe áàpù Android, áàpù iPhone àti ìkànnì ayélujára, kí àwọn èèyàn lè máa béèrè fún búrẹ́dì kí wọ́n sì máa sanwó níbẹ̀. ₦1,800,000 ló dá lé e, oṣù mẹ́ta ló ní òun á fi ṣe é, ó sì fẹ́ gba 70% kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Ó tún ní kí n má ṣèyọnu, orúkọ tòun ni òun á fi gba orúkọ ìkànnì àti gbogbo àkáǹtì tó bá yẹ. Ọmọlúàbí ni mo rí i sí, mi ò ní ẹ̀sùn kankan sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n owó tí mo fẹ́ fi tún ààrò ṣe ni owó yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?

Aláṣọ Ìjàpọ̀

Mà, ẹ má náwó yìí o. WhatsApp Business wà, ọ̀fẹ́ ni. Òun lèmi fi ń ta aṣọ. Ẹ ó gbé àwòrán ọjà àti iye rẹ̀ síbẹ̀, ó ń gba tó 500 ọjà. Ẹ tún fi ilé iṣẹ́ yín sórí máàpù Google, ìyẹn náà kì í gba kọ́bọ̀. Àwọn èèyàn á máa rí yín.

Akọkóòdù Alágbàká

Aláṣọ, ìmọ̀ràn yín dára fún ẹni tí oníbàárà ò tíì mọ̀. Ti ìyá wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní oníbàárà. Ìṣirò àwìn àti búrẹ́dì tó ń padà ló ń dà wọ́n láàmú, WhatsApp ò sì lè bá wọn ṣe ìyẹn.

Mọ́mì, iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun. Ohun tí ọmọ náà fẹ́ ṣe fún yín yàtọ̀ sí ohun tó ń dùn yín. Ìsọ̀ orí ayélujára ló fẹ́ kọ́, ìwé ìṣirò tí ẹ̀yin, awakọ̀ àti alágbàtà á jọ máa rí lẹ nílò. Nínú àwọn alágbàtà yín, mélòó ló ní iPhone? Dọ́là 99 ni Apple ń gbà lọ́dọọdún lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi áàpù sórí ìsọ̀ áàpù wọn, ọdún tí ẹ ò bá san, áàpù á kúrò níbẹ̀. Google ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí.

Tó bá jẹ́ èmi, ìkànnì tó ń ṣe bí áàpù ni màá kọ. Awakọ̀ á ṣí i nínú Chrome, á fi í sójú fóònù rẹ̀, á sì máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń tẹ àwọn áàpù yòókù. Kò kan ìsọ̀ Google, kò kan ti Apple. Nǹkan mẹ́rin ni kó kọ́kọ́ máa gbà sílẹ̀: iye tí fáànù gbé jáde, iye tí alágbàtà kọ̀ọ̀kan gbà, iye tó dá padà, iye tó san. Gbèsè á ti inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde fúnra rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ti tẹ iye tó já sílẹ̀, kí alágbàtà tẹ "Mo gbà" lójú fóònù awakọ̀ yẹn kí fáànù tó kúrò. Ìjà ogójì àti márùndínlógójì á tán.

Owó ńkọ́? Ẹ pín in. Ẹ san 30% kó fi bẹ̀rẹ̀, 30% nígbà tí fáànù kan bá ti ń lò ó, 30% nígbà tí fáànù méjèèjì bá ti lò ó fún oṣù kan gbáko, kí 10% tó kù wà lọ́wọ́ yín títí kóòdù (ohun tí akọkóòdù kọ tí áàpù fi ń ṣiṣẹ́) àti àkáǹtì gbogbo á fi bọ́ sí ọwọ́ yín.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Láti Òǹdó ni mo ti ń kí yín. Alágbàká, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín, àfi ti dọ́là 25 yẹn. Kò parí síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì aládàáni lẹ́yìn 13 Oṣù Kọkànlá 2023, Google fẹ́ kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ dán áàpù rẹ̀ wò fún ọjọ́ 14 léraléra kí gbogbo ayé tó rí i. Èèyàn 20 ni wọ́n béèrè tẹ́lẹ̀, ìparí ọdún 2024 ni wọ́n dín in kù sí 12. Àkáǹtì ilé iṣẹ́ bọ́ nínú èyí, ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní D-U-N-S lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọdọọdún ni Google ń gbé ìpele Android tí áàpù gbọ́dọ̀ bá mu sókè. Èyí tí kò bá ní alátùn-únṣe, bó pẹ́ bó yá, fóònù tuntun ò ní rí i lórí ìsọ̀ náà mọ́. Nítorí náà, mà, ẹ bi ọmọ náà léèrè: bí oṣù mẹ́ta bá pé, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, èló sì ni?

Èyí tó ká mi lára jù ni ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ rántí ọ̀nà tí fáànù yín ń tọ̀. Bí áàpù bá ní àfi kí íntánẹ́ẹ̀tì wà kí awakọ̀ tó lè kọ iye búrẹ́dì, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi padà sórí bíírò àti páálí. Ó gbọ́dọ̀ lè kọ ọ́ sínú fóònù náà, kó wá fi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Ibí yìí ni iṣẹ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ò tíì gbó ti ń dàrú. Fóònù á ránṣẹ́, èsì ò ní tètè dé, fóònù á tún un rán, ogójì búrẹ́dì á di ọgọ́rin lórí kọ̀ǹpútà tó ń gba àkọsílẹ̀. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni pé kí fóònù fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ ní kété tí wọ́n bá kọ ọ́. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá rí nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀kejì, á mọ̀ pé òun ti gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni má sì lè pa iye tí wọ́n ti kọ rẹ́. Bó bá ṣì í kọ, kí ó kọ àtúnṣe sábẹ́ rẹ̀, kí orúkọ àti aago wà níbẹ̀. Ilé búrẹ́dì yín ò ní gbádùn ohun tí awakọ̀ lè yí padà ní ìrọ̀lẹ́ láìsí ẹlẹ́rìí.

Kí ẹ tó san owó ìpín kejì, ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ pa dátà fóònù, ẹ kọ àkọsílẹ̀ mẹ́ta, ẹ pa fóònù pátápátá, ẹ tan án padà, ẹ wá ṣí dátà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dé láìdín láìlé, ó mọ iṣẹ́.

Onílé-Oògùn Oyèmẹ́kùn

Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó fi orúkọ ara rẹ̀ gba orúkọ ìkànnì. Ohun tí ojú wa rí nìyẹn. Ẹni tó ṣe tiwa fi ímeèlì tirẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀ forúkọ sílẹ̀, ó sì rìnrìn àjò kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí ọdún pé, ìwé pé ẹ wá sanwó ń lọ sí ímeèlì rẹ̀, àwa ò mọ̀ pé ọjọ́ ti ń lọ. Orúkọ náà bọ́, ẹlòmíràn sì gbà á. Orúkọ yẹn ló wà lára ọ̀rá tí a fi ń di oògùn, òun ló wà lára pátákó wa lẹ́bàá títì. Mi ò sọ pé ó fẹ́ ṣe wá ní ibi o, ṣùgbọ́n a ò ní ẹ̀rí kankan tí a lè fi sọ pé tiwa ni.

Ẹ ṣí ímeèlì tuntun fún ilé búrẹ́dì, èyí tí ẹ̀yin àti ọmọ yín kan jọ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Òun ni kí ẹ fi gba orúkọ ìkànnì. NiRA ló ń bójú tó gbogbo orúkọ tó bá parí sí .ng, àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ló sì ń tà á. .com.ng máa ń dínwó ju .ng gan-an lọ. Àkáǹtì tiyín ni kí ẹ fi rà á, nọ́ńbà fóònù yín ni kí nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń wọ àkáǹtì máa wọlé sí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún yín kò nílò ju kí ẹ fún un láyè láti wọlé ṣiṣẹ́, èyí tí ẹ lè gbà padà nígbàkigbà.

Ọ̀dọ́ South Gate

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nítorí àwa tí a kéré. Ẹ ti ń dá ọmọ náà lẹ́jọ́. ₦1,800,000 fún iṣẹ́ mẹ́ta lápapọ̀ kò pọ̀. Ẹ wo epo jẹnẹrétọ̀, ẹ wo dátà, ẹ wo oṣù mẹ́ta tí kò ní ṣe nǹkan mìíràn. Ìdí tí a fi ń béèrè 70% ni pé àwọn oníbàárà kì í san èyí tó kù. Wọ́n á ní kí o kàn bá wọn fi eléyìí kún un, kí o fi ìyẹn kún un, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta á di ti oṣù mẹ́jọ lórí owó kan náà. Bí o bá wá béèrè owó tó kù, wọ́n á ní kò tíì parí. Bí mọ́mì bá san 30% péré, tí wọ́n sì wá yí ọkàn padà ńkọ́? Ta ló máa san án?

Onílé-Oògùn Oyèmẹ́kùn

Ọmọ mi, òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba 70%, kí ni yóò mú un sáré mọ́?

Akọkóòdù Alágbàká

Ọ̀dọ́, ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn kì í ṣe 70% ló ń wò ó sàn. Ìwé ni. Ẹ jọ kọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ sílẹ̀ ní ojú ìwé méjì, kí ẹ kọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀ náà, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ohunkóhun tó bá yọjú lẹ́yìn náà ní owó tirẹ̀. Kí ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn. Nígbà náà, bí oníbàárà bá yí ọkàn padà, ẹ ti gba owó ibi tí ẹ ṣe é dé. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí iye, ₦1,800,000 kì í ṣe owó ìjẹkújẹ. Mo kàn ń sọ pé mọ́mì ò nílò méjì nínú mẹ́ta ohun tó fẹ́ ṣe. Kó ṣe èyí tí wọ́n nílò dáadáa, kó sì gba owó tó tọ́ sí i.

Agbẹjọ́rò Fìwàṣayé

Nítorí pé ẹ ti mẹ́nu ba ìwé, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Nínú Copyright Act ti ọdún 2022, kóòdù kọ̀ǹpútà wà lára iṣẹ́ tí òfin ń dáàbò bò. Pé ẹ san owó iṣẹ́ kò túmọ̀ sí pé kóòdù ti di tiyín. Ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láìsí àkọsílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn sọ ọ́ gbangba pé bí ẹ bá ti san tán, ó gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún yín, ó sì fún yín ní kóòdù náà. Bí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ tún un lò fún ẹlòmíràn, ẹ lè gbà pé ẹ̀yin á máa lò ó títí láé, ẹ á sì lè gbé e fún alátùn-únṣe mìíràn. Èyí á sì mú kí iye rẹ̀ wálẹ̀.

Ìkejì, orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbèsè àwọn èèyàn lẹ fẹ́ kó pa mọ́. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà wà láti Oṣù Kẹfà 2023. Ẹ sọ fún àwọn alágbàtà pé ẹ ó máa pa á mọ́ àti ìdí rẹ̀. Ẹ má gba ohun tí ẹ ò nílò: mi ò rí ohun tí NIN ń wá nínú ọ̀rọ̀ búrẹ́dì. Kí alágbàtà kan má sì rí gbèsè ẹnì kejì.

Olùṣirò Arákálẹ̀

Èmi ò tíì rí ìdí tí ẹ fi ń bá kóòdù lọ báyìí. Google Sheets, ìwé ìṣirò orí fóònù àti kọ̀ǹpútà, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀ lórí fóònù, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹ bá ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lò ó fún oṣù kan tàbí méjì. Ohun tí ẹ ò mọ̀ nípa òwò yín á jáde níbẹ̀: ta ló ń gba búrẹ́dì ní ìdajì owó nítorí pé ó ti pẹ́, ta ni ẹ máa ń fún ní ẹyọ kan lé lórí mẹ́wàá, kéréètì òfìfo ta ló wà lọ́wọ́ ta. Bí ẹ ò bá mọ òfin wọ̀nyí, kò sí akọkóòdù tó lè kọ wọ́n fún yín.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

Olùṣirò, mo gbà pé òfin òwò ló yẹ kó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan lé lórí mẹ́wàá àti kéréètì yẹn, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ nínú gbogbo wa. Ṣùgbọ́n èmi ò ní gbé Sheets fún awakọ̀ lójú ọ̀nà láago márùn-ún ìdájí. Ojú fóònù kéré, ìka á tẹ ilà orúkọ ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni tó bá sì lè kọ ọ́ lè yí i padà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé bí wọ́n ṣe ń ṣe, kí mọ́mì tàbí akọ̀wé wọn wá fi sínú Sheets nílé. Ìyẹn á kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń sọ.

Ìyá Bùkọ́lá North Gate

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Alágbàtà búrẹ́dì lèmi, ọ̀dọ̀ ilé búrẹ́dì mìíràn ni mo ti ń gbà. Gbogbo yín ń sọ ti awakọ̀ àti ẹni tó ni búrẹ́dì, ẹ ò bi àwa tí a jẹ gbèsè.

Bọ̀dá tó ní kí n tẹ "Mo gbà" lójú fóònù awakọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí fún mi nìyẹn. Awakọ̀ ń kánjú, àwọn tó fẹ́ ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì ti dúró sí mi lọ́rùn, ó lè tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ kó sì lọ. Fóònù rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni èmi ń lò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa. Ohun tí mo fẹ́ ni kí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù tèmi: iye tí mo gbà, iye tí mo dá padà, iye tí mo san, iye tó kù lọ́rùn mi. Kó jẹ́ Yorùbá. Bí mo bá rí i pé kò tọ̀nà, màá pe ìyá oníbúrẹ́dì lójú ẹsẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà di ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé gbèsè tó wà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ń fa ìjà, ẹni yẹn ìbáà jẹ́ olóòótọ́.

Akọkóòdù Alágbàká

Mà, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, mo sì fa "Mo gbà" yẹn sẹ́yìn. SMS ló yẹ.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì níbẹ̀. SMS tí kò ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn wa ń gba lẹ́tà 160 lójú kan. Bí ẹyọ ẹ, ọ tàbí ṣ kan bá ti wọ inú rẹ̀, 70 péré ló ń gbà, èyí tó bá lé, owó SMS méjì ni. Nítorí náà, kí àtẹ̀jíṣẹ́ náà kúrú: "Ẹ gba 35. Ẹ dá 4 padà. Ẹ san ₦12,000. Ó ku ₦9,500." Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ní ìrọ̀lẹ́, ti tó, àyàfi tí iye tó gbà bá yí padà. Ẹ sì bi ilé iṣẹ́ tó ń ta SMS fún yín bóyá ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 láti dènà ìpolówó. Ọ̀nà ìpolówó kì í dé ọ̀dọ̀ wọn.

Aláṣọ Ìjàpọ̀

Sísan owó lórí áàpù ńkọ́? Ìyẹn lè dènà alẹ́ẹ̀tì irọ́. Paystack tó ń báni gba owó lórí ayélujára, 1.5% àti ₦100 péré ló ń yọ.

Olùṣirò Arákálẹ̀

₦100 yẹn kì í sí lórí owó tí kò bá tó ₦2,500, gbogbo owó tí wọ́n ń yọ kì í sì í ju ₦2,000 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Alágbàtà tó ń san ₦18,000, ₦370 ló ń lọ. Ẹ fi ìyẹn lu iye alágbàtà àti iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù, kí ẹ wá wo èrè orí búrẹ́dì kan. Fún oníbàárà tó ń ra lẹ́ẹ̀kan, ó dára. Fún àwìn ojoojúmọ́, kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì bí wọ́n ṣe ń ṣe. Kí akọ̀wé rí owó náà nínú áàpù báǹkì yín kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó má wo ojú fóònù ẹni tó ní òun ti rán an.

Ìyá Oníbúrẹ́dì Òkè-Àrò

Ẹ ṣeun, Olúwa á bá yín gbé e. Mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ yín han ọmọ náà, kò bínú. Ó gbà láti yọ ti iPhone àti ti ìsọ̀ orí ayélujára kúrò, kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáànù ọ̀nà Ìdànrè nìkan. Ó ní òun á mú ìwé iye tuntun wá, 40% ló ní òun fẹ́ báyìí, mo sì rò pé màá gbà fún un. Ọmọbìnrin mi ti gba orúkọ ìkànnì ní orúkọ ilé iṣẹ́. Ìbéèrè kan ló kù: àwọn gbèsè àtijọ́ tó wà nínú ìwé mi, tí ìjà ti wà lórí òmíràn, ṣé kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú áàpù náà ni?

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún

40% dára, mà, bí ìyókù bá ti wà ní ìpín-ìpín.

Ẹ má kó ìjà àtijọ́ sínú rẹ̀ o. Bí áàpù bá fi iye tí alágbàtà ò fara mọ́ bẹ̀rẹ̀, alágbàtà ò ní gba èyí tó kù gbọ́. Ẹ mú ọjọ́ kìíní oṣù kan. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ pe alágbàtà kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́nà Ìdànrè, ẹ jọ ṣí ìwé, ẹ fẹnu kò sí iye kan, kó fọwọ́ sí i. Iye tó fọwọ́ sí nìkan ni kí wọ́n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá fẹnu kò sí, ẹ fi sínú ìwé lọ́tọ̀, kí ẹ máa yanjú rẹ̀ ní tiyín.

Kí awakọ̀ máa kọ ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ kan náà títí ìwé àti áàpù á fi bára mu fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Kí ọmọ náà tẹ̀ lé fáànù lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ títí dé ibi tí búrẹ́dì ti tán.